Ọkùnrin Tó Fi Ọgbà Sílẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Thomas Birch Freeman

  

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ọdún tí n kò sọ ìtàn Thomas Birch Freeman fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, n ó ya igi ńlá kan sára pátákó, n ó sì sọ fún wọn pé abẹ́ igi Àgìyà ní Àgbádárìgì ni ìtàn ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. N ó sọ bí ó ṣe gòkè dé Abẹ́òkúta, tí Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, èmi náà á pa ìwé dé. Ó parí.

Àṣé ìdajì ìtàn ni mo ń sọ. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó ka ìdajì kejì nínú ìwé ìtàn ìjọ kan tí wọ́n yá mi. Ìdajì kìíní dùn létí ọmọdé, ṣùgbọ́n ìdajì kejì ló bá èmi àgbàlagbà wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì fún yín lónìí, láìfi ọ̀kan pamọ́.

IṢẸ́ ỌGBÀ

Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ni a bí Freeman, ní abúlé Twyford lẹ́bàá ìlú Winchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn dúdú ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òyìnbó pọ́ńbélé ló gbé ìhìn rere wá fún àwọn bàbá wa, kí ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára ọkùnrin yìí.

Kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀. Iṣẹ́ ọgbà ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì, títí tó fi di olùtọ́jú ọgbà fún ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Sir Robert Harland ní Orwell Park, nítòsí Ipswich. Kì í ṣe ká kàn máa bomi rin òdòdó nìkan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewé àti egbò, ó mọ irú wọn, ó mọ ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Àwa ará Ìbàràpá yóò yé e. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń wà lóko, kódà nígbà tí ara bá wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni Freeman fẹ́ràn ohun tó ń hù.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìwàásù àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ọkàn rẹ̀ yí padà, ó sì darapọ̀ mọ́ wọn. Nígbà náà, àwọn ènìyàn ńlá kò ka Mẹ́tọ́díìsì sí nǹkan kan. Dídúró tó dúró pẹ̀lú wọn ná an ní iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ̀yin ìyá. Ọgbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún Ádámù gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ dé tí iṣẹ́ rere náà di ohun tí yóò mú kí ó fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá dì í mú. Freeman tú ọwọ́ rẹ̀. Èyí ni ìgbà kìíní tó fi ọgbà sílẹ̀.

ILẸ̀ TÍ Ó LÉ WỌN PADÀ

Ní ọdún 1837, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Wesley láti lọ sí Gold Coast, ìyẹn Gáná òde òní. Ó gbé Elizabeth Boot níyàwó, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1838.

Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Joseph Dunwell tó kọ́kọ́ dé ní 1835 kò lo oṣù mẹ́fà kó tó kú. Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, Harrop àti ìyàwó rẹ̀ náà dé. Nígbà tí Freeman máa fi gúnlẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn márààrún tó ṣẹ́ kù. Ibà ló pa wọ́n, ibà tí àwọn ènìyàn ìgbà náà kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri.

Mo fẹ́ kí a dá orúkọ ìyá kan yà sọ́tọ̀ níbí, nítorí pé obìnrin ni wá. Harriet Wrigley, ìyàwó Wrigley, kó àwọn ọmọbìnrin Cape Coast jọ ní 1836, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti aṣọ rírán. Kò pẹ́ kó tó kú. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ kò kú. Òun ló di Wesley Girls' High School tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Gáná títí di òní. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò gùn lè gbin ohun tí yóò gùn.

Kò pẹ́ tí Freeman náà fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Elizabeth dúró tì í, ó tọ́jú rẹ̀. Ọkọ sàn, ìyàwó sì ṣubú lulẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé tí wọ́n ti dé, Freeman ti sin ìyàwó rẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ta ni ìbá bá a wí bí ó bá wọ ọkọ̀ padà sí ilé? Ọ̀fọ̀ lè dá ènìyàn lọ́nà ju ayọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó nu omijé rẹ̀ nù, ó tún wọ ẹnu iṣẹ́, nígbà tí ọdún náà sì di ìlàjì, wọ́n ti ṣí ilé ìsìn ńlá ní Cape Coast.

Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀nà ìlú Kumasi pọ̀n, níbi tí ọba àwọn Aṣáǹtí ń gbé. Ìparí oṣù Kìíní ọdún 1839 ló gbéra. Nígbà tó dé Fomena, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kó dúró de ọ̀rọ̀ ọba. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, kò sí ọ̀rọ̀. Ó dúró. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ló tó wọ Kumasi, tí ọba sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró ní Fomena kò lè dé Kumasi.

Ní 1840, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá owó àti òṣìṣẹ́, ó sì mú William de Graft, ọmọ Gold Coast tó jẹ́ Kristẹni, dání. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Lucinda Cowan. Wọ́n padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1841, kí ọdún náà sì tó parí, Lucinda náà ti kú. Ìyàwó méjì láàárín ọdún mẹ́rin. Ó sì tún dìde.

ÀGBÁDÁRÌGÌ ÀTI ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí a dé yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró ti ń padà bọ̀ wá sílé. Àwọn kan nínú wọn dúró ní Àgbádárìgì, àwọn kan sì gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ti di Kristẹni ní Sàró, wọn kò sì ní olùṣọ́ àgùntàn. Wọ́n kọ̀wé pé kí ìjọ rán ènìyàn sí wọn. James Ferguson wà lára àwọn tó kọ̀wé náà.

Freeman dáhùn. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni òun àti de Graft pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọjọ́ náà ni a ń kà sí ọjọ́ ìbí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà. Wọ́n kọ́ ilé míṣọ́n, wọ́n fi ọparun kọ́ ilé ìsìn. Igi Àgìyà tí ìwàásù ti wáyé lábẹ́ rẹ̀ dúró títí di ọdún 1959 kó tó wó, òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ní oṣù Kejìlá, ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú tí a lè gbéra láti Igbó-Ọrà níhìn-ín láàárọ̀ ká ná ọjà níbẹ̀ ká sì tún sùn sílé. Ṣódẹkẹ́ gbà á bí àlejò pàtàkì. Ó lo ọjọ́ díẹ̀, ó sì bá wọn gbàdúrà. Nígbà tó padà sí Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, òun náà sì ń lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n jọ ṣe ọdún Kérésìmesì ọdún náà pọ̀, láìsí ìjà ìjọ tèmi ìjọ tìrẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1843, Freeman kọrí sí Dàhòmì, ó lọ rí ọba Ghezo ní Abomey.

Ibí yìí ni mo máa ń pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ kí á ṣí i padà.

ERIN LÓRÍ, ÌRẸ̀ LẸ́SẸ̀

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ Freeman ń gbòòrò sí i. Ilé ìsìn níhìn-ín, ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún. Àwọn olùkọ́ ń gba owó oṣù. Àwọn ọba ń retí ẹ̀bùn, nítorí a kì í lọ kí ọba lọ́wọ́ òfo. Ó dá oko àwòkọ́ṣe kan sílẹ̀ tí ó pè ní Beulah, lẹ́bàá Cape Coast, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lè kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ owó, owó tó sì ń jáde ju owó tí àwọn alákòóso ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí lọ. Wọ́n kọ̀wé kìlọ̀ fún un, wọ́n tún kọ ọ́. Freeman gbà pé bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti Ọlọ́run, owó rẹ̀ yóò wá. Kò fi ara balẹ̀ ṣe ìṣirò.

Àwọn bàbá wa ní a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ẹran erin ni iṣẹ́ ìhìn rere tó wà lórí rẹ̀. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa rò pé ilé ẹ̀kọ́ àti oko jẹ́ ìrẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ wá bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn kò fi lè dúró mọ́, ẹrù orí yóò já bọ́.

Ẹrù náà já bọ́. Ìjọ yẹ ìnáwó náà wò, gbèsè sì hàn gbangba. Ní ọdún 1857, Freeman fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọn kò sọ pé ó kó owó ìjọ jẹ. Kò sí obìnrin nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ọtí, kò sí òrìṣà. Ohun rere ló pọ̀ lápọ̀jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé tó ṣubú wo iwájú, àgbà tó ṣubú wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Freeman wo ẹ̀yìn, ogún ọdún iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibojì ìyàwó méjì. Ó ti fẹ́ ìyàwó kẹta ní 1854, Rebecca Morgan, obìnrin Fante, ẹni tó bímọ fún un tó sì dúró tì í títí.

Gómìnà fi Freeman ṣe alákòóso ìlú Accra àti agbègbè rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, iṣẹ́ tó lọ́lá. Ní 1860, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló kù? Ó padà sí ohun tó mọ̀ láti kékeré. Ó gba ilẹ̀ nítòsí Accra, ó ń dáko, ó ń kọ̀wé. Ó ṣì ń wàásù bí ọmọ ìjọ lásán nígbà tí àyè bá yọ, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé àwọn òjíṣẹ́ mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a ń sọ yìí, láti 1857 títí dé 1873.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo pa ìwé dé bí mo ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe pé ìtàn tán. Ojú ló ń tì mí.

KÁÀDÌ MI

Ẹ̀yin arábìnrin, ó tọ́ kí n jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí ra gaàrí àti láfún, mo ń kó o ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Owó ìfẹ̀yìntì kò tètè ń jáde, ọmọ ṣì wà nílé ìwé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá mi wí. Òwò náà gbè mí. Nígbà tí wọ́n rí i pé olùkọ́ mọ ìṣirò, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi mí ṣe akápò. Ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ kàwé náà fi mí ṣe akápò. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Tẹlifóònù mi kò dákẹ́ mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà àárọ̀, ọwọ́ mi a máa wá a lábẹ́ ìrọ̀rí kí n tó ṣe àmín.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń wá kó gaàrí wá bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé kíláàsì wa. Mo pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀bẹ̀. Mo pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó yá, n kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo ṣì ń wá sí ìsìn ọjọ́ ìsinmi, mo sì ń san owó mi. Lójú ara mi, kò sí ohun tó yí padà.

Lọ́jọ́ kan, lídà kíláàsì wa, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fi ọ̀pá rìn wá sí ilé mi nínú oòrùn. Mo rò pé yóò bá mi wí, mo ti ń ṣètò àwáwí sílẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Ó mu omi, ó bi mí nípa àwọn ọmọ, ó gbé káàdì kíláàsì mi lé orí tábìlì, ó sì lọ. Mo ṣí i. Oṣù méje òfìfo ni mo bá níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi máa ń sàmì sínú rẹ́jísítà, tí mo ń ránṣẹ́ pe àwọn òbí ọmọ tí kò wá sí ilé ìwé. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ kì í ya aláìmọ̀wé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òfìfo kan, òfìfo méjì, títí ìwé ọmọ náà yóò fi funfun láú. Ara mi ni mo rí lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ka ìdajì kejì ìtàn Freeman.

ÌGBÀ KEJÌ

Ní ọdún 1873, nígbà tí Freeman ń lọ sí ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó fi oko rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sínú iṣẹ́ òjíṣẹ́. Ìgbà kejì nìyí tó fi ọgbà sílẹ̀ nítorí Kristi, n kò sì mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì. Nígbà kìíní, ọ̀dọ́ ni, ara le, iwájú gùn. Nígbà kejì, irun ti funfun. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìdí tó fi kúrò. Àwọn tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí ti di ọ̀gá. Kò padà sí ipò alága. Wọ́n rán an lọ sí Anomabu láti ṣe olùṣọ́ àgùntàn, ó sì lọ.

Itú tí Ọlọ́run fi arúgbó náà pa ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ó ń rìn láti abúlé dé abúlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ìrìbọmi lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìjọ tó ti tutù tún gbóná. Lẹ́yìn náà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Accra, ìlú kan náà tó ti ṣe alákòóso ìjọba rí. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fún ní orúkọ rẹ̀ di òjíṣẹ́ Ọlọ́run bákan náà. Nígbà tí ìjọ Gold Coast ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ní 1885, Freeman wà níbẹ̀, arúgbó tó ti rí ibojì àwọn aṣáájú tó sì tún rí ìkórè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fẹ̀yìn tì. Ó sùn nínú Olúwa ní Accra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ẹni ọgọ́rin ọdún.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ìyá, nínú Ìwé Hébérù orí 12, a kà nípa àwa tí à ń sá eré ìje. Ẹ ṣí i kí ẹ kà á fúnra yín nílé. Ẹ ó rí i pé ohun méjì ni ibẹ̀ ní kí a bọ́ sílẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹrù wà lọ́tọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìpàdé wo la ṣe tí a kò bá a wí? Ẹrù ni à ń gbé pamọ́ sábẹ́ aṣọ, nítorí pé ohun rere ni. Òwò ni. Ọmọ-ọmọ ni. Aṣọ ẹgbẹ́ ni, ìnáwó ìsìnkú ni, oyè nínú ìjọ gan-an ni nígbà mìíràn. Ìyá ìbejì pọ̀ ní ìlú wa yìí, ẹ bi wọ́n léèrè. Ìyá tó pọn Táyé tó sì gbé Kẹ́hìndé mọ́ra yóò bá yín dé oko, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gba igbá ẹ̀gbọ̀n, igbá àbúrò àti igbá aládùúgbò lé e. Yóò ní kí wọ́n má bínú. Ó mọ èyí tí Ọlọ́run gbé lé e lọ́wọ́.

Freeman kọ́ wa pé ọ̀fọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá wa dúró. Ó kọ́ wa pé ohun tí a ti fi sílẹ̀ nítorí Kristi lè tún yọ́ wọlé lẹ́yìn ogún ọdún, ní orúkọ iṣẹ́ Kristi pàápàá. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà fún ọdún mẹ́rìndínlógún lè padà, bí kò bá ka ipò tó ti wà tẹ́lẹ̀ sí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà fún un. Ìgbéraga ni ẹrù tó kẹ́yìn láti sọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò padà sí ẹgbẹ́ akọrin tàbí ìpàdé àwọn obìnrin nítorí pé ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga wa.

Ní tèmi, mo ti dá ìwé ẹgbẹ́ méjì padà. Mo yí ọjọ́ gaàrí padà, oníbàárà mi méjì sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí rẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ẹgbẹ́ kẹta ṣì wà lọ́rùn mi, ẹ fi mí sínú àdúrà. Tẹlifóònù ń sùn nínú ilé ìdáná báyìí títí a ó fi ṣe àmín. Káàdì mi ti ń kún díẹ̀díẹ̀, lídà wa kò sì tíì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà di òní.

Ní ìpàdé kíláàsì yín ní oṣù yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta yìí:

1. Ohun rere wo ló wà lọ́wọ́ mi tí kò jẹ́ kí n lè di Olúwa mú dáadáa?

2. Ta ni a kò rí mọ́ láàárín wa, ta ni yóò sì mú káàdì rẹ̀ lọ bá a, láìbá a wí?

3. Bí mo bá padà lónìí, ṣé mo lè jókòó lẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, ìwọ tí o gba Freeman nígbà méjèèjì tó fi ọgbà rẹ̀ sílẹ̀, gba àwa náà. Fi ẹrù tí kì í ṣe tiwa hàn wá, fún wa ní ọwọ́ tó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò sáré dópin. Rántí àwọn arábìnrin wa tí káàdì wọn ṣófo, mú wọn padà sílé. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.